Ẹ Bi Wọ́n Nípa Ewé Náà: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Òṣìṣẹ́ Ìlera Ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba

Ẹ̀yin dókítà, nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí àti apòògùn ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, Birmingham, Sheffield, Cardiff àti káàkiri Ìlú Ọba,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ka lẹ́tà yìí nínú ọkọ̀ ojú irin lẹ́yìn iṣẹ́ òru, pẹ̀lú oorun lójú, nítorí náà n kò ní pẹ́ kí n tó dé orí ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹni tó wá láti Sómálíà, Yemen, Etiópíà tàbí Kenya bá dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ikọ́ tí kò lọ, tàbí pẹ̀lú èémí tó ń há a láyà, ẹ bi í bóyá ó ń jẹ khat, ewé tí wọ́n ń rún lẹ́nu kó lè lé oorun. Kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀: ẹ má kọ ọ́ pọ̀ mọ́ sìgá, ẹ má sì kọ ọ́ pọ̀ mọ́ kokéènì.

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró ni èmi náà, ẹ̀yin ni mo sì dìídì kọ̀wé sí. Àwa la pọ̀ nídìí ibùsùn lóru. Bí bàbá ará Sómálíà kan bá ń wúkọ́ títí di aago mẹ́ta òru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì ni yóò bu omi fún un mu, tí yóò to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn, tí yóò sì jókòó tì í díẹ̀. Irú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni èèyàn máa ń sọ òótọ́. Dókítà àgbà tó máa dé ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn kì í sábà rí irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ewé yìí rí: orí òkè ni igi rẹ̀ ti ń hù dáadáa, ní Harar ní ìlà oòrùn Etiópíà, ní àwọn òkè Nyambene ní agbègbè Meru ní Kenya, àti ní àwọn òkè Yemen. Ọ̀mùnú rẹ̀ àti ewé tútù ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n á rún un, wọ́n á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan, wọ́n á sì máa gbé omi rẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin, nígbà míì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Yemen, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó dìde. Aláìsàn lè má pè é ní khat rárá. Ará Yemen á pè é ní qat, ará Etiópíà á ní chat, ará Sómálíà á ní qaad tàbí jaad, ará Kenya á ní miraa. Bí ẹ bá gbọ́ muguka, ewé kan náà ni, èyí tí wọ́n ń gbìn ní Embu.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú ewé tútù ni cathinone, tí yàrá àyẹ̀wò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ nínú ewé náà ní 1975. Ìbátan amphetamine, oògùn tó ń ta ara jí, ni. Ó ń mú kí ọkàn yára, ó ń gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń lé oorun, ó ń pa ebi, ó sì ń tú ẹnu ká. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ewé. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn kíká, púpọ̀ nínú rẹ̀ á ti yí padà di cathine, tí agbára rẹ̀ kéré sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ewé yìí fi máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ eré sísá: wọ́n á ká a, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e kó má baà rọ, ọkọ̀ á sì máa fò lójú ọ̀nà Meru sí Nairobi kí bàálù tó gbéra. Ní Djibouti, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Etiópíà ni ojú gbogbo ìlú ń wò lọ́sàn-án.

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti wà láàárín wa níbí. Àwọn atukọ̀ ará Yemen àti ará Sómálíà ti ń gbé ní Cardiff àti South Shields láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Lẹ́yìn tí ogun tú Sómálíà ká ní 1991, èrò pọ̀ sí i, ewé náà sì pọ̀ tẹ̀lé wọn. Kí wọ́n tó fòfin dè é, ju 2,000 tọ́ọ̀nù lọ ló ń wọ Ìlú Ọba lọ́dún kan, tí wọ́n ń san owó orí lé e lórí. Ní àwọn ilé ìjókòó tí wọ́n ń pè ní mafrish, àwọn ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá ogun dé ń rí ẹni bá sọ èdè wọn, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn ilé, wọ́n ń wá iṣẹ́ fún ara wọn. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé àwọn ọmọ ìta tó ń farapamọ́ mu nǹkan ni wọ́n.

Ní oṣù Kìíní 2013, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nímọ̀ràn lórí ìlòkulò oògùn sọ pé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti fòfin de khat. Theresa May, tó jẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, kò gba ìmọ̀ràn yẹn, láti 24 oṣù Kẹfà 2014 ni ewé náà sì ti di oògùn olóró ìpele C. Netherlands ti fòfin dè é ṣáájú ní 2013. N kò kọ lẹ́tà yìí láti bá òfin jà. Àmọ́ mo fẹ́ kí a mọ ohun tí òfin náà ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò tiwa. Bàbá tó ń ra ewé ní ọjà gbangba ní 2010, tó lè sọ fún dókítà rẹ̀ láìfi bò, ó ti di ẹni tó ń gbà á gbígbẹ nínú páálí tó gba ọwọ́ ẹlẹ́rù dé. Kò ní dá sọ ọ́. Ìgbà tí a kò bá sì bi í, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa gbà jáde.

Ẹ jẹ́ ká wá sí orí ẹ̀dọ̀fóró gan-an.

Ewé tí èèyàn kó sẹ́rẹ̀kẹ́ kì í wọ ẹ̀dọ̀fóró bí èéfín ṣe ń wọ̀ ọ́. Apá kan nínú omi rẹ̀ ń gba awọ inú ẹnu bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyókù ń lọ sí ikùn. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún aláìsàn pé ewé yìí ń dáhò sí ẹ̀dọ̀fóró bí sìgá, aláìsàn yóò mọ̀ pé onítọ̀hún kò mọ nǹkan tó ń sọ, kò sì ní gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Kódà, ní Etiópíà àti Yemen, àwọn àgbà ti ń lo khat fún ikọ́ àti ásímà láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò sì ṣi í ṣe tán pátápátá. Cathine inú rẹ̀ jẹ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú ephedrine, tí àwọn dókítà fúnra wọn fi tọ́jú ásímà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí oògùn tó dára jù ú lọ tó dé. Ẹbí oògùn yẹn máa ń mú kí ọ̀nà èémí là díẹ̀. Ẹni tó ní ásímà lè jẹ ewé lọ́sàn-án, kó sì mí dáadáa.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ọ̀nà èémí ẹni tó ní ásímà ju híhá lọ. Ó wú nínú, ó sì ń ṣe ikun. Ewé kì í wo wíwú yẹn. Inhaler aláwọ̀ búráùn, ike oògùn fífà sínú tí a ń fún wọn fún lílò lójoojúmọ́, ló ń wò ó, òun náà kì í sì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà ẹni tó rí ìtura lára ewé á máa fi inhaler búráùn sílẹ̀, kò ní rí ohun tó ń sọ nù. Lóru, nígbà tí agbára ewé bá ti ń lọ, tí oorun kò sì wá, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, á wá di inhaler aláwọ̀ búlúù, èyí tó ń la ọ̀nà èémí lójú ẹsẹ̀, mú, á máa fọ́n ọn léraléra. Èyí aláwọ̀ búlúù náà ń mú ọkàn sáré. Ẹ gbé e lé orí cathinone, ẹ óò mọ ìdí tí ọkàn aláìsàn yín fi ń lù ní ìlọ́po tí ẹ kò retí. Bí ẹ kò bá mọ̀ nípa ewé, ẹ ó kàn rò pé ásímà rẹ̀ ló le ni, ẹ óò sì fi oògùn kún oògùn.

Èéfín wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ khat ló ń mu sìgá tàbí ṣíṣà níbi ìjókòó yẹn. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti ń mu ún. Irú wọn á sọ fún yín pé àwọn kì í mu sìgá, kì í sì í ṣe irọ́ lójú tiwọn, nítorí wọn kì í rà á sílé, wọn kì í mu ún lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá jókòó wákàtí márùn-ún ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n lè mu páálí kan tán. Ní Yemen, ìkòkò ṣíṣà tí wọ́n ń pè ní mada'a ló máa ń wà láàárín yàrá. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé èéfín tí èèyàn ń fà nínú ìjókòó ṣíṣà kan ṣoṣo lè tó ti ọgọ́rùn-ún sìgá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tí èéfín náà gbà kọjá kò yọ oró rẹ̀ kúrò.

Ẹni tí kò mu sìgá rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ qat fẹ́ràn kí yàrá móoru, wọ́n gbà pé ooru ń mú kí ewé ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n máa ń ti fèrèsé. Ẹ rò ó wò: èèyàn mẹ́wàá, yàrá kan, fèrèsé títì, èéfín, wákàtí mẹ́rin, lójoojúmọ́ fún ogún ọdún. Ìgbà tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá bá wa pẹ̀lú ẹ̀dọ̀fóró tó ti le, tí ó sì ní òun kò fọwọ́ kan sìgá láyé òun, ó máa ń yà wá lẹ́nu. Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Yàrá náà ló yẹ ká béèrè.

Ọ̀rọ̀ yàrá yìí ló tún gbé mi dé orí ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìyẹn TB, tí mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, pàápàá fún ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ nọ́ọ̀sì TB. Ẹ mọ̀ pé inú afẹ́fẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbà ràn, àti pé ohun tó ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì ni pípẹ́ pọ̀ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń lọ geere. Ìgbà tí a bá rí ẹni tí TB ń ṣe, a máa ń béèrè àwọn tó ń bá a gbélé, a máa ń béèrè ibi iṣẹ́ rẹ̀, a máa ń béèrè ilé ìwé àwọn ọmọ. Fún ẹni tó ń jẹ khat, àwọn tí ó ń bá jókòó jẹ ewé lè jẹ́ àwọn tó ń bá mí afẹ́fẹ́ kan náà fún wákàtí tó pọ̀ ju ti ìyàwó rẹ̀ lọ. Wọn kì í ṣe ará ilé, wọn kì í ṣe ará ibi iṣẹ́. Kò sí ibi tí orúkọ wọn máa ti jáde àfi tí ẹ bá bi í nípa ewé. Bí òfin bá sì ti lé ìjókòó náà wọ inú fúláàtì àti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò lè dára ju ti mafrish àtijọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ ohun kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú lẹ́tà mi, ẹ mú èyí.

Nǹkan méjì míì tún so ewé náà mọ́ TB. Khat ń pa ebi. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ lè máa foúnjẹ alẹ́ sílẹ̀, á máa rù, ara tí kò sì jẹun kánú kì í lè bá kòkòrò TB jà bó ṣe yẹ. Rírù náà tún jẹ́ àmì TB, nítorí náà aláìsàn á ní ewé ló mú òun rù, dókítà náà á gbà, oṣù á máa lọ. Èkejì ni ẹ̀dọ̀ki. Àwọn dókítà níhìn-ín ní Ìlú Ọba ti kọ ìwé nípa àwọn èèyàn tí ẹ̀dọ̀ki wọn bàjẹ́ gidigidi látàrí khat, láìsí ọtí, láìsí hepatitis, ìyẹn àrùn tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ki wú. Ẹ wá wo oògùn TB: isoniazid, rifampicin, pyrazinamide. Gbogbo wọn ló lè pa ẹ̀dọ̀ki lára, oṣù mẹ́fà ni aláìsàn yóò sì fi lo méjì àkọ́kọ́ nínú wọn. Ẹni tó ń gbé oògùn wọ̀nyí mì láàárọ̀, tó ń jẹ ewé lọ́sàn-án, ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ léraléra. Ẹ kò lè ṣọ́ ohun tí ẹ kò mọ̀.

Ẹ̀yin apòògùn, èyí tó kàn yìí, tiyín ni. Ní 1997, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Yemen lórí oògùn apakòkòrò méjì, ampicillin àti amoxicillin. Wọ́n rí i pé nígbà tí èèyàn bá lò wọ́n níbi tó ti ń jẹ khat, ara kì í gba oògùn náà tó bó ṣe yẹ, ampicillin ló sì kàn jù. Àmọ̀ràn wọn ni pé kí èèyàn fi í sílẹ̀ di wákàtí méjì lẹ́yìn tó bá jẹ ewé tán. Amoxicillin ni oògùn tí a ń fún aláìsàn òtútù àyà jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí. Aláìsàn tó gba oògùn ọjọ́ márùn-ún, tó lò ó pé, tí ikọ́ rẹ̀ kò sì lọ, ẹ má yára ka ẹ̀sùn sí i lọ́rùn pé kò lo oògùn rẹ̀. Ẹ bi í wákàtí wo ló ń lò ó. Gbólóhùn kan lẹ máa fi kún ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá ń na oògùn sí i.

Èémí tó há kì í sì í ṣe ti ẹ̀dọ̀fóró nígbà gbogbo. Àwọn dókítà ọkàn ní Yemen ti fi hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 pé àwọn tó ń jẹ khat ní ìkọlù ọkàn ju àwọn tí kì í jẹ ẹ́ lọ, àti pé tiwọn kì í sábà dé láàárọ̀ bíi ti àwọn yòókù. Ọ̀sán sí ọ̀gànjọ́ ló ń dé, ìyẹn wákàtí tí agbára ewé ṣì wà lára. Ní 2011, ìwádìí kan lórí ohun tó lé ní 7,000 aláìsàn ọkàn ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, Yemen àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní etí òkun Gulf, fi hàn pé àwọn tó ń jẹ khat ń kú nílé ìwòsàn ju àwọn yòókù lọ. Ọkàn tí kò lágbára mọ́ á jẹ́ kí omi padà sínú ẹ̀dọ̀fóró, aláìsàn á wá máa wúkọ́ lóru, kò ní lè sùn gbalaja. Ikọ́ lásán ni yóò pè é.

Àwọn dókítà tún mọ̀ láti ìtàn pé irú oògùn tó fara jọ amphetamine lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró pọ̀. Láàárín 1965 sí 1968, wọ́n ta oògùn apébi kan tó ń jẹ́ aminorex ní Switzerland, Austria àti Jámánì. Àwọn tó lò ó láti fi rù bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ìfúnpá inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró wọn ròkè, àwọn kan kú kí wọ́n tó kó oògùn náà kúrò lọ́jà. Methamphetamine náà ti wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ gbà pé ó ń fa àìsàn yìí. N kò sọ pé khat ti di aminorex. Mo ń sọ pé ìbátan wọn ni, nítorí náà bí ọ̀dọ́bìnrin kan bá wá tí èémí rẹ̀ há tó bá gun àtẹ̀gùn, tí àwòrán àyà rẹ̀ mọ́, tí kò ní ásímà, ìbéèrè nípa ewé kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn.

Mo tọ́ka sí ọ̀dọ́bìnrin nítorí pé a sábà máa ń gbàgbé wọn. Obìnrin ń jẹ khat pẹ̀lú, àmọ́ ojú tí àwùjọ wọn fi ń wò ó kò dára, nítorí náà nínú ilé ni, láàárín ara wọn. Tí ọkọ tàbí ìyá ọkọ bá wà níbẹ̀, kò ní gbà láé. Bákan náà ni àgbà ọkùnrin kò ní gbà tó bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ ló ń túmọ̀ èdè fún un. Ẹ béèrè fún ògbufọ̀ tí kì í ṣe ẹbí, kódà bó jẹ́ orí tẹlifóònù ni.

Báwo la ṣe máa béèrè? Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ṣé ẹ ń lo oògùn olóró?" Rárá ni ẹ máa gbọ́. Ohun tí èmi máa ń sọ kò ju báyìí lọ: "Bàbá, àwọn kan láti ọ̀dọ̀ yín máa ń jẹ qaad. Ṣé ẹ̀yin náà máa ń jẹ ẹ́, tàbí ẹ ti jẹ ẹ́ rí? Mo ń béèrè nítorí pé ó lè yí bí oògùn yín ṣe ń ṣiṣẹ́ padà ni. N kò ní sọ fún ọlọ́pàá." Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá yìí ṣe pàtàkì, kí ẹ sọ ọ́ síta, nítorí òun gan-an ló wà lọ́kàn wọn. Lẹ́yìn náà ẹ wá béèrè ìyókù: ọdún mélòó, ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀, wákàtí mélòó, tútù tàbí gbígbẹ, ẹni mélòó nínú yàrá, ṣé wọ́n ń ti fèrèsé, ṣé sìgá tàbí ṣíṣà wà níbẹ̀.

Mo sì fẹ́ bẹ̀ yín nípa ohùn tí a fi ń béèrè. Mo ti gbọ́ bí àwọn èèyàn wa kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa "àwọn Sómálíà àti ewé wọn" níbi tí a ti ń mu tíì, kò dùn mọ́ mi. Àwa tí a ń fi obì ṣe àlejò, tí obì ń wà lẹ́nu bàbá wa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan tí èèyàn ń rún lẹ́nu láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń jẹ́ iyì. Kaféènì inú obì kò lágbára tó cathinone, n kò fi wọ́n wé ara wọn ní ti ìpalára. Ṣùgbọ́n bí nọ́ọ̀sì Gẹ̀ẹ́sì bá yínmú sí bàbá yín nítorí obì, ǹjẹ́ bàbá yín á sọ fún un pé òun ń tutọ́ ẹ̀jẹ̀?

Àkọsílẹ̀ ló kù. Púpọ̀ nínú ìwádìí tó wà lórí khat àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń kọsẹ̀ síbi kan náà: àwọn tó ń jẹ ewé àti àwọn tó ń mu sìgá jẹ́ èèyàn kan náà, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ya iṣẹ́ ewé kúrò lára iṣẹ́ èéfín. Ìwé tí a ń kọ lórí aláìsàn lè yanjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa bá kọ ewé sí ààyè tirẹ̀, èéfín sí ààyè tirẹ̀, èéfín àwọn ẹlòmíì sí ààyè tirẹ̀. Ẹni tó jẹ ewé fún ọgbọ̀n ọdún láìfa èéfín rí, tí yàrá rẹ̀ kò sì ní èéfín, ẹ̀rí ńlá ni. Wọ́n wà, wọ́n sì ń gba iwájú wa kọjá lójoojúmọ́. Ní ibi tí mo mọ̀, fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé ní ibi sìgá, ó ní ibi ọtí, kò ní ibi ewé. Ibi òfo kan máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún àfikún ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ń kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ti di ọ̀gá, tí ẹ ń jókòó níbi ìpàdé tí wọ́n ti ń ṣàtúnṣe fọ́ọ̀mù, ẹ bá wa béèrè fún ìlà kan ṣoṣo, ní ọ̀tọ̀, lábẹ́ ìlà sìgá.

Bí ẹ bá ti ń béèrè tẹ́lẹ̀ níbi tiyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ lẹ́tà yìí bí ẹ ṣe ń béèrè àti ohun tí àwọn aláìsàn ń sọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, kí àwa yòókù lè rí i lò.

Èmi ni tiyín,
Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ẹ̀dọ̀fóró kan, Lọ́ńdọ̀nù